Ta Ló Bi Ìyá Ọmọ Léèrè?

Bàbá mi tí ọ̀rọ̀ wọn kì í kúrò létí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà yín pé èmi ni mo jókòó ti bébà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ sì mọ bọ́wọ́ mi ṣe máa ń wúwo tí mo bá di bírò mú. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ fún yín, àwọn tó kàwé ń pè mí ní ọ̀gá nílùú òyìnbó níbí. Ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà mi ní Bramalea fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ìpetumodù lọ. Àwọn tó ní dìgírì ló ń bá mi gbé pákó. Tí mo bá kàn wo ògiri báyìí, mo ti mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Ẹ bi ẹnikẹ́ni láti Brampton títí dé Bowmanville. Ẹni tí kábọ́ọ̀dù ìdáná rẹ̀ bá dáa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi ni mo kàn án. Ẹ̀yin lẹ bí mi, torí náà ẹ lè bá mi yangàn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Báyọ̀, àkọ́bí mi, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ti re ọ̀run kí n tó bí i. Mo kọ́ ọ níṣẹ́, mo sì ti fi sọ́kàn pé òun ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Lóṣù tó kọjá, mo bá a wí lórí ilẹ̀kùn kan tó gé kúrú díẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́ mi, ó kọjú sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá fi Yorùbá bá a wí. Ó ní, "Dádì, kò sẹ́ni tó ń kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ yín níbí. Ẹ̀rù yín ló kàn ń bà wọ́n." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jù ú sórí pákó tí mò ń wọ̀n lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ sílé rẹ̀ ní Brooklin. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mi ò tíì mọ ẹni náà, àmọ́ mò ń wádìí.

Mo wá pinnu. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, tí ẹbí bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé mi, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé Báyọ̀ kì í ṣe ọmọ mi mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ rántí Ẹ̀gbọ́n mi Sámúẹ́lì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà ìjọ, ẹ fọ ọwọ́ yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan Bíbélì, ẹ tọ́ ìka lá, ẹ ṣí i sí ibi tí Mósè ti sọ̀rọ̀ ọmọ olóríkunkun, ọ̀jẹun, ọ̀mùtí, tí ìlú gbọ́dọ̀ sọ lókùúta. Ẹ ní àánú ló jẹ́ kí ẹ fi ọ̀nà hàn án dípò òkúta. Ó gbé àpótí rẹ̀. Wọ́n ní ó dé Gánà. Látìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn Júù kan gbéṣẹ́ fún mi ní ọ̀nà Bathurst, pé kí n kan pẹpẹ ìwé láti ilẹ̀ dé àjà nínú yàrá tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo lọ fúnra mi, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Mo bá àwọn àgbà méjì níbẹ̀ tí wọ́n ń lọgun mọ́ra wọn lórí ìwé kan. Mo ti ń lọ là wọ́n kí ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ rábì wọn, tó sọ pé ìjà kọ́, báwọn ṣe ń kàwé nìyẹn. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó ní ọmọ olóríkunkun inú ìwé Mósè ni.

Bàbá, inú mi dùn. Mo gbé téèpù sílẹ̀. Mo ní, "Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mélòó làwọn baba ńlá yín sọ lókùúta?"

Ó ní, "A ò mọ ẹyọ kan."

"Báwo?"

Ó ní àwọn rábì àtijọ́ yẹ òfin náà wò fínnífínní. Wọ́n ní ó ní ìwọ̀n ẹran tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti jẹ, ó ní ìwọ̀n wáìnì tó gbọ́dọ̀ ti mu. Wọ́n ní ohùn bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ojú wọn gbọ́dọ̀ jọra, kí ọ̀kan má sì ga ju èkejì lọ. Wọ́n tún ní tí bàbá bá fẹ́ tí ìyá ò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ó ní àwọn kan tiẹ̀ gbà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí rí, kò sì ní sí.

"Kí ló dé tí Ọlọ́run fi kọ ọ́?"

"Ká lè kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ká sì gba èrè ẹ̀kọ́."

Èkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Sọ tẹni tó ní òun rí i fún un."

Rábì ní lóòótọ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn sọ pé òun rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun sì jókòó sórí sàréè rẹ̀.

Mo ní, "Ẹni tí mo gbà gbọ́ nìyẹn."

Ó wò mí. "Bàbá tínú bá ń bí ló máa ń gba ìyẹn gbọ́."

Ta ló sọ fún un pé inú ń bí mi? Mo fura sí awakọ̀ mi, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Mo sì fura sí òfin wọn náà. Oníbàárà tó bá ní kí n kan ilẹ̀kùn, mi ò lè kàn án kó fún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbà á kọjá, kí n wá ní ìtumọ̀ ni mo ṣe. Mo rí wọn tí wọ́n fẹnu ko ìwé náà lẹ́nu kí wọ́n tó pa á dé. Ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu, ẹ sì di òfin inú rẹ̀ lọ́wọ́, èwo nìyẹn? Tí òfin bá burú, ẹ sọ pé ó burú. Tó bá dáa, ẹ ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé fún mi ni mo máa ń wò dáadáa, pásítọ̀ wa wà nínú rẹ̀.

Ti ìyá yẹn ló ká mi lára jù. Mo mọ̀ pé àfikún ni. Mo mọ ibẹ̀ lórí bí ẹ ṣe máa ń kà á, bàbá nìkan ló wà níbẹ̀: bàbá á mú un, bàbá á sọ̀rọ̀. Mo délé, mo gbé Bíbélì yín jáde kí n lè padà lọ fi irọ́ hàn wọ́n. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ohùn àti gíga tó dọ́gba, mi ò rí i, àwọn rábì ló mú ìyẹn wá. Àmọ́ ìyá wà níbẹ̀, Bàbá. Bàbá àti ìyá ni kó jọ mú un. Àwọn méjèèjì ni kó jọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Inú Bíbélì yín ni mo ti rí i.

Ṣé ojú yín ò rí i ni? Àbí ẹ fò ó? Ṣé torí pé èmi ò kàwé, ẹ rò pé mi ò ní débẹ̀ láéláé? Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo yọjú lójú fèrèsé, wọn ò gbójú sókè. Ṣé ẹ bi wọ́n? Kí ni wọ́n sọ? Ibo ló tún kù tí ẹ fò?

Mo bá ìyàwó mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ àwo. Mo ní, "Màmá Báyọ̀, ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè yẹn, ṣé o fara mọ́ ọn?"

Ó ti omi pa. "Ta lẹ ń bi?"

"Ìwọ."

"Kí ni wọ́n fún yín jẹ ní Bathurst?"

"Dá mi lóhùn."

"Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ yín rí yín fín, ẹ bá a wí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìta lèmi náà á wà. Ẹ lè máa wá kan ọbẹ̀ yín bẹ́ ẹ ṣe ń kan kábọ́ọ̀dù."

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ ò bi mí."

Ó tún ṣí omi, ó ń fọ àwo rẹ̀ lọ.

Mi ò ní sọ nǹkan kan ní Sọ́ńdè mọ́. Kì í ṣe pé mo gba rábì gbọ́ o, mo ṣì ń fura sí i. Báyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, èmi ò ní kọ́kọ́ kí i. Àmọ́ tó bá wá, á bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Bí èyí bá bí yín nínú níbẹ̀ yẹn, ẹ má dá nìkan bínú. Ẹ ṣáà wà pẹ̀lú Màmá lọ́run. Ẹ bi wọ́n léèrè ná, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Tí ẹnu ẹ̀yin méjèèjì bá kò, kí ẹ jọ wá bá mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín gidigidi, tó sì ń fura sí yín díẹ̀.