Ẹja Kankan Ò Kú Nínú Omi Olóògùn Ọ̀gá Mi

Mo rí ọ̀gá mi tó ń ṣàṣìṣe, mo sì panu mọ́. Ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á dópin ná.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, Banikanni ni mò ń gbé, mo ń kọ ìwé dókítà mi lọ́wọ́ níbí ní Parakou. Iṣẹ́ wa ní làbò ni pé ká da oògùn kòkòrò òwú sínú omi, ká kó ọmọ ẹja àrọ̀ sí i, ká máa wo iye tó máa kú. Àpótí dígí kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a kì í da oògùn sí, témoin là ń pè é, ìyẹn ẹlẹ́rìí, kí a lè mọ̀ pé oògùn ló pa ẹja, kì í ṣe ebi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá mi bá ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló dá omi.

Ọ̀gá yìí nílò awò ojú bí afọ́jú ṣe nílò ọ̀pá, kò sì jẹ́ lò ó, ó ní ó ń sọ òun di arúgbó nínú fọ́tò. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ó ní òun fúnra òun ló máa wọn oògùn, pé ọwọ́ tèmi kì í ṣe ọwọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó nawọ́ sí pẹpẹ, ìgò omi tí a fi ń ṣan ife ló gbé dípò ìgò oògùn... ó ń kán an sínú àpótí bí ẹni tó ń wọn wúrà, ó ń sọ Faransé ńláńlá. Láràárọ̀ tí a bá pààrọ̀ omi, ìgò yẹn náà ni. Ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni? Ìgbà kan tí mo tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó bi mí pé, Mademoiselle, ta ni dókítà nínú àwa méjèèjì? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Torí náà, ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá, ni mo sọ.

Ẹja kankan ò kú. Wọ́n tiẹ̀ sanra! Ọ̀gá wá kéde pé oògùn náà ò léwu, ó pe àwọn àgbẹ̀ olówùú fún Sátidé. Àwọn tó ń tà á máa ṣí ìgò tuntun, wọ́n á dà á sínú omi lójú gbogbo èèyàn, ọ̀gá á sì mu ún. Ẹ jẹ́ n sòótọ́... mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo ti yan aṣọ tí màá wọ̀.

Àfi àárọ̀ yìí tó pè mí. Ó ní èmi ni màá gbé igbá omi náà wá, kí n kúnlẹ̀, àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn àṣà. Ó ní, ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ẹni tó bu omi fúnni ni í kọ́kọ́ mu nínú ẹ̀. Pé kí n mu ún dáadáa, kí wọ́n rí ọ̀fun mi tó ń gbé e mì.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé mo ń wòran látìbẹ̀rẹ̀, òun ló sì máa fọwọ́ sí ìwé mi. Tí mo bá ní ara mi ò yá, ó ti ní Rafiatu, ọ̀rẹ́ mi ará Zongo, ló máa gbé e. Ọmọ yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan rí...

Ẹ gbà mí o. Kí ni kí n ṣe? Mo mọ ohun tí ẹni rere máa ṣe, ẹ má kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan tí ọ̀gá nìkan fi lè mu ún ni?