Sìkúlẹ́ẹ̀ Tí Ó Lé Àna Mi Kọjá Ààlà

Ilé Iṣẹ́ Fáṣínà Gbẹ́nàgbẹ́nà,
Ẹ̀gbẹ́ Ilé Sinimá,
Pobè, Dahomey.
11 Oṣù Kejìlá, 1953.

Ọ̀ṣẹ́nì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni gbogbo ilé ní Sakété? Ṣé ara yín le? Màrúfátù ìyàwó rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ? Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá wa nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Ọjà aṣọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Èmi náà wà, gbogbo ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Mo mọ̀ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè sọ ọ́.

O ṣeun fún ayùn oníná tí o rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, tí o fi ránṣẹ́ sí mi nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù. O rántí pé ìwọ lo sọ fún mi pé sìkúlẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè é. Ì bá dára ká ní o ò sọ ọ́.

O mọ̀ pé Bàbá Ládiípọ̀, bàbá Eugénie, ní kí n ṣe ilẹ̀kùn mẹ́fà àti fèrèsé mẹ́jọ sí ilé tuntun wọn ní Igana kí wọ́n tó fi ọmọ wọn fún mi fẹ́. Àwọn ẹlòmíràn a máa lọ roko àna; èmi gbẹ́nàgbẹ́nà, ilẹ̀kùn ni tèmi. Ìrókò ni wọ́n kó fún mi, ó sì le bí orí Bàbá fúnra wọn. Ayùn ọwọ́ ì bá gbà mí ní ọdún kan gbáko. Ayùn oníná tìrẹ náà wúwo, bí mo bá sì gbé e lé pákó, ibi tó wù ú ló ń lọ.

Mo wá rò ó pé bí ayùn kò bá fẹ́ lọ tààrà lórí igi, kí igi máa lọ tààrà lórí ayùn. Mo dojú tábìlì ìjẹun mi délẹ̀, mo la ojú tóóró sí i láàárín, mo yí ayùn náà sódì, mo sì fi irin mẹ́rin dè é pinpin mọ́ abẹ́ tábìlì. Nígbà tí mo gbé tábìlì dìde, eyín ayùn nìkan ló yọ sókè. Mo fi rọ́bà so ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kó lè máa yí lọ. Mo kan pákó gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí igi yóò máa fara tì. Ẹ̀rọ iná oní-sinimá ni mo ń fa iná lára rẹ̀, nítorí kò ní iṣẹ́ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pákó tí mo kàn yẹn wọ́ díẹ̀. Ayùn gba igi lọ́wọ́ mi, ó jù ú gba ojú fèrèsé jáde, ó sì fọ́ ìkòkò aró aládùúgbò mi. Mo bẹ obìnrin náà, mo tún pákó kàn. Láti ìgbà náà, àárọ̀ tí mo fi ń la pákó kan, mo ń la ogún. Ilẹ̀ ni mo ti ń jẹun báyìí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Inú dídùn yẹn ló kó bá mi. Mo rí Victorine ẹlẹ́ja tó ń ná ọjà Igana, mo ní kó sọ fún Bàbá Ládiípọ̀ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, sìkúlẹ́ẹ̀ ti dé Pobè, kò ní pẹ́ kan ilẹ̀kùn wọn. Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Ọ̀ṣẹ́nì, èmi tí wọ́n bí sábẹ́ Faransé, mo gbàgbé pé sìkúlẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ìwé àṣẹ tí bíró Kòmáńdà òyìnbó máa ń fi ránṣẹ́ yí ìlú ká. Kò sì sí èyí tó dé Igana rí tí kò mú nǹkan lọ. Ọ̀kan kó àwọn géńdé lọ la ọ̀nà, ọ̀kan wá gba owó orí, ọ̀kan kó ewúrẹ́. Victorine jẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe rán an, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Bàbá Ládiípọ̀ ti kó ìyàwó méjì, ewúrẹ́ mọ́kànlá àti Eugénie mi, wọ́n ti kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé àbúrò wọn lọ́nà Ìlaróò.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gbélé láìsí i. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní, "Ìwọ lo ránṣẹ́ pé ìwé ìjọba ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Ilẹ̀kùn tí o ò tíì ṣe!" Mo ní ayùn ni. Wọ́n ní ayùn wo ló ń jẹ́ orúkọ ìjọba. Eugénie dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo buwọ́ lu ìwé náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti wá wò ó. Ní Pobè, wọ́n dúró lókèèrè. Mo tan ayùn, ó la ìrókò sí méjì kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Wọ́n yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá àwọn òyìnbó mọ̀ pé mo ti de sìkúlẹ́ẹ̀ wọn mọ́ abẹ́ tábìlì. Mo ní wọn ò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín wọn nìyẹn. Wọ́n kó ilé wọn padà sí Igana, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé kí ẹnikẹ́ni má sá mọ́, ayùn àna wọn ni sìkúlẹ́ẹ̀.

Mo gbé ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́, ó ku fèrèsé méjì. Ìgbà náà ni wọ́n kéde ní Igana pé sìkúlẹ́ẹ̀ ti dé. Kò sẹ́ni tó sá. Bàbá Ládiípọ̀ wọ agbádá, wọ́n lọ jókòó síwájú pátápátá lójúde baálẹ̀, wọ́n ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àna àwọn. Kì í ṣe ayùn, ìwé àṣẹ abẹ́rẹ́ ni. Àwọn tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ti bá a dé, bó sì ṣe jẹ́ pé Bàbá ló wà níwájú, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Apá wọn wú. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé èmi àti ìwé náà, ọ̀kan ni wá, kí n lọ wá ìyàwó síbòmíràn. Ọjọ́ méjì ni mi ò jẹun, kì í sì í ṣe nítorí àìsí tábìlì. Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ Tuside tó kọjá yìí, àwọn alábẹ́rẹ́ tún padà wá, wọ́n ní ó ku apá kejì Bàbá. Bàbá sá wọ yàrá kan tí mo ti ṣe fèrèsé rẹ̀ nínú ilé tuntun, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gáàdì kan àti ọkùnrin mẹ́ta fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn náà kò mì, kò dún. Wọ́n dán fèrèsé wò, òun náà kò mì. Wọ́n jókòó sí àgbàlá títí di ọ̀sán, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Nígbà tí ilé dákẹ́, Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i, wọ́n tún tì í. Wọ́n wá rán Victorine sí mi, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an: "Ilẹ̀kùn náà dára. Kí Fáṣínà wá mú ìyàwó rẹ̀, kó sì tètè ṣe fèrèsé méjì tó kù."

Sátidé, ọjọ́ kejì Oṣù Kìíní, ni ìgbéyàwó. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bá mi kí Màrúfátù àti Ìyá wa, kí o sì kí Súbérù ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí o bá dé Igana tí wọ́n bi ọ́ pé kí ni mo fi la igi, ayùn ni o. Má sọ Faransé kankan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, ìka mẹ́wàá pé,

Fáṣínà