Jínsẹ́ǹgì Orí Fíríìjì

Jesse,

Mo pè ọ́ títí ní Oǹdó tó o lọ, fóònù rẹ kò lọ. Dádì ṣubú ní bàlùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè. Wọ́n wà ní ọsibítù. Aṣọ wọn ni mo sáré wálé wá mú.

Dókítà bi wọ́n léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ní ìwọ lo ní kí àwọn má lò ó mọ́, kí èsì ìwádìí rẹ lórí jínsẹ́ǹgì, gbòǹgbò ilẹ̀ Ṣáínà tó o ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, lè dá ṣáká.

Mo ṣí ìgò tó o rẹ gbòǹgbò náà sí lórí fíríìjì. Ó ń rùn, aáyán ti kú sínú rẹ̀. Ohun tí ò ń fún bàbá tó bí ọ mu nìyẹn! Eku tẹ́ ẹ fi ń ṣe ìdánwò ní yunifásítì gan-an, omi tó mọ́ lẹ ń fún un. O rí mi lára.

Má da ìgò yẹn nù o. Dókítà fẹ́ rí i, tó o bá ti wọlé tó o rí ìwé yìí, gbé e wá sí ọsibítù kíákíá. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn dé, Dádì pa ẹnu dé, wọ́n ní àwọn ò ní ba iṣẹ́ ọmọ àwọn jẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n tì. Ìwọ wá sọ fún wọn kí wọ́n la ẹnu.

Títílọpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ