Òjò Méjì fún Àpótí Ẹja Bàbá Rẹ

Mofolúwakẹ́, ọmọ mi, ọjọ́ márùndínlógójì rèé tí o ti wọkọ̀ ní Ìkìrun padà sí Èkó lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ará ilé ní Inísà ń kí ọ. Èmi náà wà, mo ń jẹun, má dààmú.

Ọ̀rọ̀ àpótí gíláàsì ni mo fẹ́ sọ, èyí tí bàbá rẹ rà lọ́wọ́ tísà tó ń kó kúrò ní Òkukù. Igun rẹ̀ kan ti ń jò láti ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, mo sì ti mú ẹja pupa kan ṣoṣo tó kù sínú bàsíà. Ẹja yẹn ni ohun abẹ̀mí tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara wọn bọ́ kẹ́yìn, mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pe Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ń ṣe fèrèsé gíláàsì ní Ìkìrun. Ó wo àpótí náà, ó ní kí òun yára lọ mú ìbọn òun wá. Mo pariwo, mo ní ìbọn kẹ̀, ṣé ẹja kan ṣoṣo yìí náà ni yóò yìnbọn fún? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àṣé gọ́ọ̀mù ló wà nínú ìbọn náà. Ó fi abẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, ó wá tẹ ìbọn, gọ́ọ̀mù sì ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rùn bí omi ògì tó kan. Ó fi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ń dán.

Ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé, tí o fi fèsì ìpè tí mo pè ọ́ lórí jíjò náà. O kọ ọ́ pé: “E ma bu omi si o. E je ko gbe fun ojo meji.” Ìgbẹ́kẹ̀lé ní ọjọ́ méjì lo kọ, pé kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Mo ní ọmọ mi kàwé jù ú lọ, òjò lo kọ: kí a má bu omi sí i, kó gbé ìta fún òjò méjì. Ó ní mo kú ìwé kíkà, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

A gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, òjò wá kọ̀ kò rọ̀. Ẹja ń la ẹnu lókè omi, iná kò sí tí a ó fi tan ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Mo jókòó ti bàsíà, mò ń fi kọ́ọ̀bù bu omi, mò ń dà á padà láti òkè bí àwọn onítíì ṣe ń dà á, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Abọ́sẹ̀dé ará ilé kejì ní ẹja tí kò tó òkèlè kan ni mo ń pa ara mi lé lórí, kí n jẹ́ kí òun wá ata sí i. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan bàsíà yẹn, iwájú alùfáà ni a ó ti parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá ń ro mí, òun náà ló gba kọ́ọ̀bù.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́jọ́ Ìsinmi. Àpótí kún, omi rẹ̀ pupa fún eruku páànù, mo dà á nù. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí o fi ní méjì: àkọ́kọ́ fún fífọ̀, èkejì fún ẹja. Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí? Èkejì rọ̀ ní Ọjọ́rú, omi mọ́ gaara. Mo fọwọ́ ra gbogbo igun rẹ̀, mo fi ìwé ìnùdí tẹ abẹ́ rẹ̀, gbígbẹ ni. Odindi àpótí omi dúró níwájú mi, mò ń rí ọgbà gba inú rẹ̀, kò sì sí ohun tó dì í mú ju gọ́ọ̀mù tí kò tó ìka mi lọ. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo kàn sọ fún Ọlọ́run pé ẹ ṣeun.

A gbọ́n omi náà sí korobá, a gbé àpótí wọlé, a dà á padà. Ẹja dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ló yí gbogbo ibẹ̀ po, ó jẹun.

Oúnjẹ rẹ̀ ti ń tán, fi agolo kan ránṣẹ́ pẹ̀lú owó díẹ̀ tí n ó fi ra ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì. Bí o bá tún kọ̀wé, fi àmì ohùn sí i, nítorí Ìgbẹ́kẹ̀lé ni o, kì í ṣe nítorí tèmi. Ohun tí o bá kó jọ kò ní jò dànù. Ojú rẹ kò ní rí ọ̀fọ̀ mọ́.

Èmi Àmọ̀kẹ́ ìyá rẹ ni mo kọ ọ́. Ẹja náà wà lọ́wọ́ mi, n ó máa pààrọ̀ omi rẹ̀.