Iṣu Tí Mo Sin Láàyè

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Adébáyọ̀,
                                        Adó-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Akínbọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ooru Àbújá. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Oore-ọ̀fẹ́ àti Ìfẹ́olúwa ńkọ́? Mo gbọ́ pé Ìfẹ́olúwa ń múra ìdánwò. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má fi oorun ṣeré. Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Iná tí wọ́n ń mú wá fún wa ní Adébáyọ̀ kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ, ooru sì ti sọ gbogbo wa di ẹni tó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ara Màmá le. Ara wọn le gan-an ni, Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ wọn ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti pè yín títí. Bí ẹ bá ti gbé e, tí ẹ ní, "Pamí, o ṣé tí o ń bá mi bojú tó Màmá," màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín, bí ẹni pé mo jẹ́ àgbẹ̀. Ìwé kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ìdí nìyẹn tí mo fi sá wá bá a.

Ọ̀rọ̀ iṣu tó jẹrà nílé Màmá ní Ìgèdè ni. Ẹ gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò pé Màmá kó èbù ọdún yìí, gbogbo iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn, sínú ihò títí ó fi jẹrà. Nígbà tí ẹ bi wọ́n, wọ́n ní àwọn gbàgbé pé iṣu kì í gbé inú ihò. Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń sọ pé ogbó ti mú ọpọlọ wọn, pé ẹ ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Àbújá lópin oṣù yìí, kí ẹ ti ilé pa, kí ẹ sì gbé oko fún ẹlòmíì. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ihò náà. Èmi ni mo kó iṣu sí i.

Ẹ rántí eré orí kọ̀ǹpútà tí ẹ máa ń tìtorí ẹ̀ bá mi wí. Nínú eré náà, wọ́n á já èèyàn sí aginjù láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Á wá oúnjẹ, á kọ́lé, á sì tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ kí ebi má baà pa á kú. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí. Tí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀, tó mọ ògiri rẹ̀ pa dé, tí kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé, oúnjẹ á pẹ́ níbẹ̀ ju ìta lọ. Ilẹ̀ olótùútù ni mo kọ́kọ́ gbé nínú eré yẹn. Ẹ̀fọ́ o, ẹran o, èso o, kò sí èyí tó tètè bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Orí mi wú, mo rò pé mo ti mọ àṣírí oúnjẹ.

Nígbà tí mo lọ kí Màmá lẹ́yìn ọdún tuntun, ìdí àká ni mo ti bá wọn, wọ́n ń dárò. Ìjì ti wó igi tó máa ń ṣíji bo àká náà, níbi tí wọ́n ti ń so iṣu mọ́ igi lóòró kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Oòrùn wá ń pa iṣu, ó ti ń hun jọ. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta ìgbéraga mi, kí n lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ wá bò ó. Imọ̀ ni àká ń fẹ́, ìmọ̀ ni mo gbé lọ fún un.

Àkíbù tó ń gbẹ́ kànga ládùúgbò ni mo bẹ̀ pé kó gbẹ́ ihò náà. Ó bi mí pé ṣé sálángá ni, mo ní ilé iṣu ni. Ó wo ibi tí mo ní kó gbẹ́ àtẹ̀gùn sí, ó ní òun ò rí sálángá tó ní àtẹ̀gùn rí, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ. Ìyá Kùdírátù, ará ilé kejì, yọjú lórí ògiri, ó ní ta ló kú. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó kú o, ulé uṣu ni ọmọ mi ń kọ́." Ọmọ mi, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá mi, tó jẹ́ àbúrò wọn, ti kú ni mo ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì fi ìgbà kan pè mí ní ọmọ àbúrò.

Kí a tó kó iṣu wọlé, wọ́n sọ fún mi pé uṣu tí a ti wa kúrò nílẹ̀, a kì í tún un sin, àfi tí a bá fẹ́ gbìn ín. Mo dá wọn lóhùn pé ayé ti yí padà. Wọ́n gbà fún mi, nítorí pé èmi ni mo lọ sílé ìwé gíga. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tilẹ̀ ní aṣọ náà, àwòrán rẹ̀ ni mo rí nínú kọ̀ǹpútà. Mo fi pákó àti amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà pa, mo tún fi ọ̀rá bò ó, kí afẹ́fẹ́ kankan má baà wọlé.

Ní oṣù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ eré náà lákọ̀tun, ilẹ̀ olóoru ni mo sì bá ara mi. Mo gbẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, oúnjẹ ń bàjẹ́. Mo tún ògiri mọ, mo pààrọ̀ ilẹ̀kùn, mo gbẹ́ ẹ jìn sí i. Kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ìta lọ. Ìgbà náà ló yé mi pé otútù ilẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí mo ń gbóríyìn rẹ̀ fún ihò. Ìgèdè ni mo rántí.

Mo wọ mọ́tò lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí n tó ká ọ̀rá yẹn kúrò tán, òórùn ti jáde wá pàdé mi. Iṣu ti làágùn síbi tí kò ti rí atẹ́gùn, èyí tí kò tíì jẹrà sì ti rọ̀ bí ẹ̀bà. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Màmá dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní, "Uṣu mi." Wọ́n wọlé lọ bu omi wá kí n fi fọ ọwọ́. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé ẹ kò fẹ́ràn eré yẹn, pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ kò ní jẹ́ kí n sinmi. Mo gbà kíákíá. Ojú ń tì mí, ó sì wù mí kí ẹlòmíì bá mi ru ẹrù náà. N kò mọ̀ pé orí ara wọn ni wọ́n máa fi bò mí. Lọ́jọ́ tí ẹ pè, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò dá nǹkan mọ̀ mọ́. Mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe yí padà. Mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń bó ẹ̀pà jẹ.

Wọ́n ti ń di ẹrù báyìí, díẹ̀díẹ̀, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú mi lọ sóko, wọ́n ń fi ààlà hàn mí: igi tó wà níbẹ̀, ẹni tó gbìn ín, ẹni tí wọ́n bá jà nítorí ẹ̀, àti igi obì tí Bàbá yín gbìn lọ́dún tí wọ́n bí yín. Wọn kò ṣi ẹyọ kan. Ẹ bi ara yín, ṣé ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú nìyẹn?

Mo ti ń wá èbù káàkiri Ìgèdè, mo sì ti rí díẹ̀ gbà. Èmi ni màá bá wọn kọ ebè rẹ̀. Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín, mo tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ìyá yín kúrò nílé wọn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa, kí ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Màmá kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Bí ẹ bá pè wọ́n, tí ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ihò náà, wọ́n á tún sọ pé àwọn gbàgbé. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Kò sí ohun tí Màmá gbàgbé, Bọ̀ọ̀dá. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń gbàgbé.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,

Pamílẹ́rìn.