Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Tó Ń Rí Ooru Fò Kọjá Lórí Ilé Wa

Ilé Ọ̀ṣuntọ́lá,
Rore.
Ọjọ́ Àìkú, nínú ọyẹ́.

Inúmidùn, Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Lubabah ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n ní ó ti ń sọ èdè òyìnbó bí ẹni ń jẹ̀pà. Ṣé ara yín le? Ọlọ́run tó mú ọ gúnlẹ̀ sí Àbújá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí, àlùbáríkà kò sì ní wọ́n nílé rẹ. Tí o bá ti ṣe àmín, wá ibì kan jókòó, kí o sì máa kà á díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn ju káàdì fóònù lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù kì í jẹ́ kí àgbàlagbà ronú. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀, o ó máa pariwo ẹ̀lóò, ẹ̀lóò, bí ẹni pé mo ti kú sórí ìjókòó. Táyé tó ń kó iṣu lọ sí Àbújá ni yóò gbé e fún ọ. Má fún un ní nǹkan kan, mo ti fún un ní iṣu méjì.

Àyìsátù ìyàwó àbúrò mi ń kí ọ. Òun náà ló ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún mi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láti ọdún mẹ́ta tí Rùkáyátù ìyá rẹ ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, kí Ọlọ́run foríjì í. Ọyẹ́ ti dé. Bí mo bá jí láàárọ̀, mi ò kì í rí òpin àgbàlá wa mọ́. Ewúrẹ́ kan á kàn jáde láti inú funfun yẹn, á wò mí, á sì tún padà wọ inú rẹ̀ lọ. Mo lè jókòó síwájú ilé kí n máa wò ó títí oúnjẹ mi á fi tutù, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kò sí ẹni tí kò lè ti ibẹ̀ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe Mágàjí agboolé, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé gbogbo ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn odi wà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, mo so wọ́n mọ́ wáyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ṣí àwọn ilé náà kí atẹ́gùn lè wọlé, tìrẹ ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù, torí pé àga wà níbẹ̀. O tún rántí ohun tí o sọ nígbà tí mo ní kí ẹ wá ṣe Iléyá nílé. O ní kò sí iná mànàmáná, pé Lubabah kò lè sùn nínú ooru, pé ọjọ́ tí iná bá dé ni ẹ̀yin náà máa dé. Mi ò bínú, ọmọ ìlú ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo wáyà tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná kan dé láti Ìlọrin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ òpó àti wáyà wò kí àwọn lè mọ ibi tó ti bàjẹ́, kí àwọn sì wo òrùlé tí yóò lè gbé pátákó tó ń gba iná lára oòrùn. Ọ̀gá wọn ni Ẹnjiníà Qonitah, obìnrin tó fi híjáàbù wé orí, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó gbé ẹ̀rọ kan jáde nínú àpótí, ẹ̀rọ náà ní apá mẹ́rin tó ń yí, ó sì ń kùn bí oyin tó ń wá ilé. Wọ́n ní dúróònù ni orúkọ rẹ̀. Mo kí i káàárọ̀. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó gbéra nílẹ̀, mo gbà pé ó gbọ́.

Qonitah ní ojú tó wà lára ẹ̀rọ yìí kì í wo àwọ̀, ooru ló ń wò. Ohun tó bá gbóná á mọ́lẹ̀, ohun tó bá tutù á dúdú. Ó ní kí n wá wò ó nínú fóònù ńlá tó wà lọ́wọ́ òun. Àmọ̀kẹ́, mo wò ó. Gbogbo ilẹ̀ dúdú, àwọn ewúrẹ́ sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹyín iná tó ní ẹsẹ̀. Àgbò Ìmáàmù mọ́lẹ̀ ju Ìmáàmù fúnra rẹ̀ lọ, mi ò sọ fún un. Mo rí ọkùnrin kan tó dúró láàárín àgbàlá, tó ń tàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo bèèrè pé ta nìyẹn. Ó ní èmi ni. Mo gbé ọwọ́ sókè, òun náà gbé tirẹ̀. Inú mi dùn, torí pé ní ọjọ́ orí tèmi yìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá èèyàn lójú mọ́ pé òun ń tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fò kọjá lórí àwọn òrùlé. Páànù ilé ìdáná Àyìsátù mọ́lẹ̀ rokoṣo, Qonitah ní ẹ wò ó, wọ́n ń dáná níbẹ̀. Nígbà tó dé orí ilé tìrẹ àti tàwọn ẹgbẹ́ rẹ, ṣe ni wọ́n dúdú kirikiri. Ẹnì kejì rẹ̀, Sheriff, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, wá sọ fún mi pé iye ilé tó bá ní èèyàn ni ilé-iṣẹ́ máa wò kí wọ́n tó mọ àdúgbò tí wọn yóò kọ́kọ́ tún iná rẹ̀ ṣe. Ó ní àwọn ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ní ìdájí, kí oòrùn tó mú páànù gbóná, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ máa ya fọ́tò tó jẹ́ ojúlówó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà. Mo ro ó títí, ó já síbì kan náà. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ pé ilé mẹ́sàn-án tutù nínú agboolé wa, wọn á ní a ti kú tán, iná kò ní dé. Bí iná kò bá dé, ìwọ náà kò ní dé. Mo wá sọ fún Àyìsátù pé a máa dáná sí ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ní orí mi ti yí. Mo ní ṣebí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é nínú agboolé yìí, ẹni tó bá kọ́lé, àpáàdì ni a fi ń gbé iná láti ààrò baba rẹ̀ wọ ilé tuntun kó tó sùn níbẹ̀, tìrẹ nìkan ni a kò ṣe, torí pé gáàsì lo ní o máa lò. Ó lọ gbé àpò èédú rẹ̀ wá. Ààrò rẹ̀ náà la ti bu iná.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó dé, a ti gbé àpáàdì ẹyín iná sí ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn, èmi sì ni mò ń sáré kiri kí iná lè hàn lórí òrùlé. Àyìsátù ní sílíìnì ilé rẹ kò ní jẹ́ kí ooru kọjá, nítorí náà mo gbé mẹ́rin sí tìrẹ, èmi náà sì wọlé lọ jókòó, kí ooru ara mi lè kún un. Èéfín bo gbogbo pálọ̀. Mo jókòó nínú rẹ̀, ojú mi ń ṣe omi, mo rí i bí ẹ ṣe máa jókòó, ọkọ rẹ lórí àga gígùn, ìwọ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìyá rẹ ìbá fẹ́ jókòó sí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Lubabah tó ń sá kiri nínú yàrá. Mo mọ̀ pé eku ni. Ṣùgbọ́n mi ò lé e.

Nígbà tí ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀, Qonitah ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn ilé tí wọ́n sọ pé kò sí ẹni nínú wọn, gbogbo wọn ló ń jó geere nínú fọ́tò, ṣé kò sí wàhálà. Mi ò lè purọ́, dúdú èédú wà lára fìlà mi. Mo jẹ́wọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé ẹ̀rọ kì í ka èèyàn. Ó ní ibi tí wáyà bá ti tú lára òpó máa ń gbóná, ìyẹn ni àwọn ń wá. Sheriff ló ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ka àwọn tó ń gbé inú ilé. Ó ní iná tí mo dá ti ba fọ́tò òrùlé jẹ́, àwọn máa tún un yà. Wọ́n rí ibi kan tó pọ́n lára wáyà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní wọn yóò tún un ṣe, wọn kò sọ ìgbà tí yóò jẹ́. Mi ò fẹ́ tàn ọ́ jẹ.

Ó fi fọ́tò náà hàn mí kó tó pa á tì. Ó rẹwà, Àmọ̀kẹ́. Ilé mẹ́sàn-án ń tàn bí ìgbà tí gbogbo yín ṣì wà ní kékeré. Láàárín wọn ni ilé kan wà tó dúdú bí inú kànga. Sheriff ní mo gbàgbé láti dáná sí ìyẹn, pé nígbà tí òun rìn débẹ̀ láàárọ̀, òun kò bá ẹnì kankan, òun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mo wá gíláàsì ojú mi, mo wò ó dáadáa. Ilé mi ni.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Wọn kò tíì dáná nínú ilé yẹn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ, mo sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ara mi le. Nígbà tí mo sọ fún Sheriff pé èmi ni mò ń gbé ibẹ̀, ojú tì í, ó fẹ́ fi ìlà pa á rẹ́, mo ní kó fi sílẹ̀ ná. Mo bẹ Qonitah kó bá mi tẹ fọ́tò náà síta. Òun ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí, má jẹ́ kí omi kàn án.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí a ra ọ̀dà, torí pé èéfín ti ba ògiri pálọ̀ rẹ jẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀. Fi owó àpò èédú kan kún un fún Àyìsátù, kí o sì ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì fún mi. Ọlọ́run á pèsè fún ọ láti ibi tí o kò fojú sí. Ilé ọkọ rẹ á tù ọ́ lára, ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi, ẹ kò sì ní fi ọ̀fọ̀ pàdé ara yín.

Ní ti iná, ẹ má dúró dè é mọ́. O ní Lubabah kò lè sùn nínú ooru. Ẹ má lọ sí ilé tìrẹ, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ wá sùn. Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí sí i pé ilé mi tutù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hàmídù.