Kírímù Wákàtí Méjì

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti ń rí oorun sùn? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ilé ààbò tí ìjọba fi ọ́ sí tù ọ́ lára bí ilé ìyá rẹ. Tèmi dára, ó dára débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti di ìyàwó ilé láti Sátidé tó kọjá. Ṣé o rántí Oníná tó máa ń wá tún wáyà ṣọ́ọ̀bù wa ṣe, tí o bi í pé irú wáyà wo ló ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Òun ni ọkọ mi. Ó ti jẹ́wọ́ fún mi báyìí pé wáyà kankan ò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Ìwọ ni. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko lẹ́yìn tí a gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn ni a ò fi mọ̀ bóyá o wà láyé, wọ́n sì ti wá rí ọ báyìí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ níbí sọ pé o ń béèrè bóyá a gbọ́ ohun tí o fẹ́ kí a gbọ́. A gbọ́ ọ. Nígbà tí ohùn tí o gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù mi ní oṣù kẹta tí o lọ, tí o ní Àǹtí Onílọ́fínńdà, tó mú ọ kọjá ibodè lọ ṣiṣẹ́, mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, pé inú ṣọ́ọ̀bù irun ńlá lo ti ń ṣiṣẹ́, ká má purọ́, mo jowú. Èmi náà ti bẹ̀ ẹ́ títí kó mú mi dání, ó ní àyè ẹnì kan ló kù. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé oníbàárà pọ̀ débi pé o máa ń fi kírímù tó ń mú irun nà sí wọn lórí fún wákàtí méjì kí o tó fọ̀ ọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò rí i, ìlú òkèèrè ti jẹ́ kó gbàgbé iṣẹ́."

Ọ̀gá wa ò rẹ́rìn-ín o. Ó fi kóòmù sílẹ̀ sínú irun oníbàárà, ó ní kí n tún un gbé sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ. Ó ní, "Aláròyé, panu mọ́. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ níṣẹ́ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù irun kankan. Ó ń ké pè wá ni."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí a kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin tó wà ní kàǹtá béèrè pé ṣé ẹjọ́ irun la gbé wá. Ọ̀gá ní, "Tìẹ náà ti ń re, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la bá wá lónìí." Ọkùnrin náà ló júwe ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń kó èèyàn tà fún wa, bóyá kí Ọ̀gá ṣáà lè kúrò níwájú rẹ̀.

Yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, fáìlì kún orí àga débi pé orí ìdúró la wà. Obìnrin tó bá wa sọ̀rọ̀ so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Màmá Onígíláàsì. Ó ní, "Ẹ ṣàlàyé kírímù yìí fún mi." Ọ̀gá ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Tó bá lé ní ogún, awọ orí á máa bó. Tó bá wá di wákàtí méjì, ẹ lọ mú síbí wá kẹ́ ẹ fi kó orí." Obìnrin náà fọwọ́ kan irun ara rẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ń kó yín lọ kì í jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó dúró tì yín, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni òótọ́ máa ń gbà jáde.

Láti ara nọ́ńbà tí ohùn náà fi wọlé ni wọ́n ti mọ ìlú tí o wà. Màmá Onígíláàsì kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì ibodè, torí ìjọba méjèèjì ti jọ fọwọ́ síwèé pé àwọn á máa ran ara wọn lọ́wọ́. Mo rò pé ìwé lásán ni. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ béèrè, títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn fi sọ mí ní Ìyàwó Fáìlì.

Wọ́n kọ́kọ́ mú Àǹtí Onílọ́fínńdà ní ibodè pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta mìíràn. Wọ́n bi àwọn ọmọ náà léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo wọn ní ọmọ àbúrò rẹ̀ ni àwọn, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ àbúrò náà. Àǹtí náà wà látìmọ́lé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ ilé tó kó yín sí. Èmi àti Ọ̀gá la máa jẹ́rìí ní kóòtù. Ẹ̀rù bà mí, torí ó mọ ojúlé wa, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní òun á jókòó tì mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, kírímù wà lórí mi, Ọ̀gá ń fi ọwọ́ pa á lọ, ni fóònù dún. Màmá Onígíláàsì ni. Ó ní, "Wọ́n ti já wọ ilé náà. Ẹni méje ni wọ́n kó jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde." Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. A sunkún títí orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni fi ata rẹ́ ẹ, la bá sáré débi ẹ̀rọ omi. Egbò wà lẹ́yìn etí mi òsì di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó, gèlè mi wọ́ sápá kan. Ó ń ta mí, inú mi sì ń dùn.

Wọ́n ní o ò tíì fọwọ́ sí ìwé àtipadà wálé, pé o ò fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ọ lọ́wọ́ òfo. Wọn ò ní fi ipá mú ọ, ìwọ fúnra rẹ ló máa sọ pé o fẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Sọ fún un pé orí rẹ̀ ni mo fẹ́ rí lọ́rùn rẹ̀, mi ò béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ẹni tó bá fẹ́ wò ọ́, kó máa wò títí ojú á fi dùn ún. Jọ̀wọ́, fọwọ́ sí i.

Kí Ọlọ́run tó yọ ara rẹ níbẹ̀ yọ ọkàn rẹ náà. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ bá ilé ní tútù, kí ẹkún rẹ parí síbi tó dé yẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ kọ́ṣẹ́,
Aláròyé, ìyàwó Oníná.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ẹni tó máa gbà ọ́ ní ibodè, torí ẹsẹ̀ ìyá rẹ ò lè gbé e débẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí mo jẹ́ sí ọ, mo kọ "ẹ̀gbọ́n rẹ̀", kó lè wúwo lójú wọn. Màmá Onígíláàsì fi bírò fà á. Ó ní irú ìbátan tí Àǹtí Onílọ́fínńdà ń bá àwọn ọmọ tan nìyẹn, kí n kọ òótọ́. Mo kọ "ọ̀rẹ́". Ìyá rẹ tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀ pé òun gbà. Mo béèrè bóyá ìyẹn nìkan tó. Màmá Onígíláàsì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní ó tó.